Òòfà Ara Fìríìjì àti Píjò Ọdún 1978

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo rí i. Mo ń sinmi ráńpẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Leeds níbí, mo kàn ń fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù lọ sókè sódò bí ẹni tó ń wá oorun. Ló bá yọ. Peugeot 504, wágọ́nù, ọdún 1978, àwọ̀ bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, ìjókòó ìlà mẹ́ta. £6,500. Mo gbé fóònù sún mọ́ ojú, mo tún gbé e jìnnà. Kí n tó mọ̀, omi ti ń dà lójú mi níwájú ẹ̀rọ tó ń ta bisikíìtì.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ dàgbà nílé láàárín 1975 sí 1995, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. A ò pè é ní Peugeot nígbà náà, Píjò ni. Bí èèyàn bá sọ pé "Píjò ni mo wọ̀ lọ sí Èkó," gbogbo ayé ti mọ̀ pé wágọ́nù ló ń sọ, pé kò bá wọn fún ara nínú bọ́ọ̀sì, àti pé owó ọwọ́ rẹ̀ lágbára díẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Irú ọkọ̀ yẹn ni bàbá mi wà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, láti gáréèjì Ìwó Road ní Ìbàdàn sí Òjọ́ta l'Ékòó. Èrò méje ló ń kó. Bí ọlọ́pàá bá jìnnà, wọ́n lè di mẹ́jọ. Nígbà ọlidé, èmi ni ẹni kẹjọ yẹn, nítorí pé ara ọrùn sítíà ni jíà rẹ̀ wà, àyè ọmọdé sì ń bẹ láàárín dẹ́rẹ́bà àti èrò iwájú. Mo mọ òórùn ọkọ̀ yẹn ju òórùn ilé wa lọ: pẹtiróólù, awọ ìjókòó tí oòrùn ti sè, àti búrẹ́dì tí àwọn èrò ń rà.

Ó tà á ní 1998, ọdún tí mo wọ yunifásítì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nítorí tèmi ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Ọkọ̀ lọ lóṣù kẹsàn-án, owó ilé ìwé wọlé lóṣù kẹwàá. Látìgbà náà ni bàbá mi ti ń bá ẹlòmíràn wa ọkọ̀, títí ojú rẹ̀ fi sọ pé ó tó.

Nítorí náà, nígbà tí mo délé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí mo fi fóònù han ọkọ mi, kì í ṣe ọkọ̀ ni mo fi hàn án. Òun náà sì mọ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ọkọ̀ ilẹ̀ ni àbí ọkọ̀ òfurufú?"

Ìbéèrè gidi ni. Owó tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ £7,200, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọdún Kérésì sí Ìbàdàn ni. Ọdún mẹ́fà rèé tí àwọn ọmọ ò tíì rí bàbá àgbà wọn lójúkojú. Àbíkẹ́yìn wa ò tíì rí i rárá.

Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná. Wíwò ò kúkú ná wa lówó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọkọ̀ náà fi rí bẹ́ẹ̀ lójú wa, nítorí àwọn ọmọ mi bi mí, mo sì ní láti lọ kà á kí n tó lè dá wọn lóhùn. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti gbé 504 jáde ní 1968, òun náà ló sì gba oyè ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Wágọ́nù rẹ̀ dé lẹ́yìn náà. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fa búùtù rẹ̀ gùn o. Láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.90, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kì í ṣe wágọ́nù jẹ́ mítà 2.74. Lẹ́yìn, irin gbọọrọ kan ló so táyà méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì mẹ́rin ló sì gbé ọkọ̀ lé e lórí, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ fi ọkàn sí sípíríǹgì mẹ́rin yẹn, a ó padà síbẹ̀.

Ní 1975, ilé iṣẹ́ tó ń to Peugeot pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ni 504 gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, àfi bí ẹni pé Píjò ni wọ́n la ọ̀nà náà fún. Àwọn Faransé dá a dúró nílùú tiwọn ní 1983, Kàdúná ò dá a dúró, ó ń ṣe é lọ títí wọ ọdún 2000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé Faransé ló bí i, àwa la tọ́ ọ.

Ó dáa. A dé orí ọkọ̀ tí mo rí.

Àwòrán mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó, mo kà wọ́n bí ẹni ka lẹ́tà. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ iwájú ọkọ̀ nìkan, láti igun tó yàtọ̀ síra wọn díẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ inú ọkọ̀. Ẹyọ kan péré ló fi ẹ̀yìn hàn. Kò sí ìkankan tó fi abẹ́ hàn. Òjò sì ti pa ọkọ̀ náà kí wọ́n tó yà á, ó ń dán gbinrin. Ọkọ mi tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà niṣẹ́ rẹ̀, tí kò mọ púlọ́ọ̀gì yàtọ̀ sí kábúrétọ̀, òun ló sọ ọ́: "Ara tó bá tutù, gbogbo rẹ̀ ló ń dán. Kí ló dé tí wọn ò yà á nígbà tó gbẹ?" Inú bí mi sí i. Mo ní ilẹ̀ yìí kọ́, ìgbà wo ni nǹkan ń gbẹ níbí?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ dùn: máìlì 43,000 péré ló ti rìn, kò nílò MOT, kò sí owó orí ọkọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún lè bọ́ sí ipò ọkọ̀ àtijọ́. Kì í san owó orí mọ́, wọn kì í sì fi dandan mú un fún àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́, bí wọn ò bá ti tún un ṣe kọjá àlà. Òfin ti àyẹ̀wò yẹn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2018. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: "kò nílò àyẹ̀wò" kì í ṣe "a ti yẹ̀ ẹ́ wò." Ẹni tó ń ta ọkọ̀ á kọ ọ́ bí ẹni pé oyè ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi iná tàn án lábẹ́.

Ẹ̀bùn kan wà tí ìjọba níbí fún wa tí ọ̀pọ̀ wa ò lò. Bí ẹ bá ti ní nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ lè wo gbogbo àyẹ̀wò MOT tó ti ṣe láti 2005 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Iye máìlì tó ti rìn wà níbẹ̀, ohun tó mú kó já wà níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n ní kí ẹni tó ni ín máa ṣọ́. Mo tẹ nọ́ńbà náà sí i. Ní 2009, máìlì rẹ̀ jẹ́ 91,000 àti díẹ̀. Ní 2012, 97,000. Ní 2015, ó di 2,000. Mo kọ́kọ́ rò pé olè ni. Ìgbà tó yá ló yé mi: nọ́ńbà márùn-ún péré ló wà lójú kàǹtà rẹ̀, tó bá ti kọjá 99,999, á padà sí òdo. 43,000 tí wọ́n kọ yẹn, 143,000 ni. Bóyá onítọ̀hún mọ̀, bóyá kò mọ̀.

Àyẹ̀wò tó ṣe kẹ́yìn jẹ́ ti 2017. Ó yege. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn so mọ́ ara ọkọ̀, ní òsì.

Bí ẹ bá bi mí, ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ra ọkọ̀ lásán á dúró níbẹ̀. Mo pe ẹni tó ń tà á, mo ní mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Mo fẹ́ fi ṣe ìyàlẹ́nu fún bàbá mi tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí n pè é. Mi ò sọ ìdí fún un, mo kàn ní mo rí Píjò kan, mo fẹ́ kó bá mi fi ojú wò ó lórí fóònù. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Kó má tóbi. Kẹ́ ẹ sì fi aṣọ wé e, kó má baà ha ọkọ̀ ọlọ́kọ̀."

Ọmọbìnrin mi àgbà, ọmọ ọdún méjìlá, ló bá mi lọ. Ara fìríìjì wa ló ti yọ èyí tó ní àwòrán Òkè Olúmọ, ó fi ìbọ̀sẹ̀ àbúrò rẹ̀ wé e. Kí n sọ òótọ́ nípa Yorùbá ọmọ yìí: ó ń gbọ́, kì í sọ. Bí mo bá fi Yorùbá pè é, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Ó ń lọ sí kíláàsì Yorùbá ní Sátidé, ó mọ orúkọ ẹranko, ó mọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ó mọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kankan kì í lò. Àwọn òbí tó ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ ní irú rẹ̀ nílé.

Ìlú kékeré kan létí òkun ní Norfolk ni ọkọ̀ náà wà. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ láti ọ̀dọ̀ wa. Bàbá arúgbó kan ló jáde sí wa, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọkọ̀ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, oòrùn ń tàn sí i. Mo tún ti fẹ́ sunkún.

Mo pe Ìbàdàn. Aago tiwa àti tiwọn bá ara mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí pé a jí ẹnikẹ́ni. Bàbá mi yọ lójú fóònù, ó wọ fìlà, bí ẹni tó ń lọ sí ìpàdé. Mo ń yí fóònù kiri, mo ń sọ pé, "Ẹ wò ó, Bàbá, ẹ wo iná rẹ̀, ẹ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀." Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Gbé fóònù fún ọmọ," ó ní. "Ìwọ, ojú rẹ ti rà á tán."

Mo gbé e fún un.

"Bàbá àgbà, ẹ káàsán."

"Káàsán, ìyá mi. Sìtíà rẹ̀ dà? Há à! Ọ̀tún ló wà! Ibi tí mo ń fi èrò sí ni wọ́n fi dẹ́rẹ́bà sí!" Ó rẹ́rìn-ín dáadáa. "Ó dáa. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ló wí?"

Ọmọ mi wò mí. Mi ò ràn án lọ́wọ́. "Ó gbóná, Bàbá."

"Ó gbóná bíi kí ni? Bí ẹ̀bà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, àbí bí omi ìwẹ̀?"

"Bí omi ìwẹ̀."

"Wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé. Sọ fún un pé kó pa á, kó tutù."

Bàbá Òyìnbó yẹn kò jiyàn. Ó ní lóòótọ́ lòun ti tan án láàárọ̀, òun ò fẹ́ kó dójú ti òun. A mu tíì lọ́dọ̀ rẹ̀, a lọ wo òkun, a padà lẹ́yìn wákàtí méjì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀ àgbà, ẹ sọ fún ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ pé kó má tan án. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná ń bo àṣírí ara rẹ̀.

Kí a tó tan án, bàbá mi ní kí ọmọ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, kó yí inú rẹ̀ sókè. "Ṣé o rí nǹkan tó dà bí ògì níbẹ̀?" Ògì, ó mọ̀ ọ́n. Kò rí i. Wọ́n fa gééjì yọ, ọ́ìlì dúdú, kò sí omi nínú rẹ̀. Ìdí tó fi ń bèèrè rèé: ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì 504 jẹ́ irin líle, orí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Bí omi rédíétọ̀ bá gbẹ, tí ooru bá mú un, orí yẹn á tẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á wọ inú ọ́ìlì, wọ́n á sì pò pọ̀ di funfun. Bàbá mi ní òun mọ àwọn dẹ́rẹ́bà tí kì í gbé kẹ́ẹ̀gì omi sínú búùtù, pé Ṣágámù ni wọ́n máa ń sùn sí.

"Tan án. Ìwọ, ìyá mi, lọ dúró lẹ́yìn, kó o jìnnà díẹ̀. Wo èéfín."

Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ohùn yẹn! Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa ohùn yẹn.

"Èéfín ń jáde, Bàbá."

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé funfun ni, ṣé dúdú ni, àbí ó dà bí aró?"

"Kí ni aró?"

Bàbá mi ò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá a nínú yàrá. "Gèlè tí màmá rẹ wé nínú fọ́tò tó wà lára ògiri yín. Àdìrẹ. Àwọ̀ rẹ̀ yẹn."

"Ó funfun," ọmọ mi sọ. "Ó ti ń lọ." Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í, "Kò sí aró níbẹ̀, Bàbá."

Èéfín funfun tó bá tètè lọ ní ìdájí tàbí nínú òtútù, oru omi lásán ni. Bí kò bá lọ, tó sì ń rùn bí nǹkan dídùn, omi rédíétọ̀ ló ń jó. Tó bá dúdú, pẹtiróólù ti pọ̀ jù fún un. Tó bá dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jẹ, ẹ ti ń wo owó ńlá nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí, lítà 2, dúró ṣinṣin. Bàbá mi tẹ́tí sí i fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó di ojú. Ó ní, "Ẹni tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì yìí gbìyànjú. Ẹ bá mi kí i." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá náà, ojú rẹ̀ tàn. Inú mi náà dùn. Mo ti ń ronú ibi tí mo máa gbé ọkọ̀ náà sí.

"Ó kù mágínẹ́ẹ̀tì," bàbá mi sọ.

"Òòfà ni, Bàbá," ọmọ mi dá a lóhùn.

"Kí lo pè é?"

"Òòfà. Ẹ̀kọ́ Sátidé ni wọ́n ti kọ́ wa."

Mo rò pé bàbá mi á rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ ètè: òòfà, òòfà. Ọgọ́ta ọdún tó ti mọ nǹkan yẹn, ìdí lasìpíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ ní gáréèjì, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ní orúkọ mìíràn. "Ó dáa. Fi òòfà rẹ lé ara ilẹ̀kùn."

Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lẹ̀ mọ́ wọn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi ní kó wá sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, sí ibi tí èèyàn ń tẹ̀ wọlé, láti iwájú lọ sẹ́yìn.

"Ó lẹ̀. Ó lẹ̀. Ó... ó jábọ́."

"Tún un ṣe."

"Ó jábọ́, Bàbá. Ó tún jábọ́."

Páńẹ́ẹ̀bítà tí kò bá fẹ́ ṣe wàhálà gígé irin kó sì jó tuntun mọ́ ọn á po pọ́tì, á fi dí ihò, á fi yáńpáàpù ha á kó lè dán, á kùn ún. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ pọ́tì kì í ṣe irin, òòfà ò mọ̀ ọ́n rí.

A dé abẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kọ́kọ́ pariwo: "Ẹ má fi jáàkì gbé e o! Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì!" Ó mọ ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Wágọ́nù ga ní tirẹ̀, kò pọn dandan ká gbé e. Ọmọ mi dùbúlẹ̀ lórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn lósì, ó tan iná fóònù mi, ó ti fóònù tirẹ̀ tí bàbá mi wà nínú rẹ̀ wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí.

"Kí lo rí?"

"Sípíríǹgì. Méjì."

"Ó yẹ kó jẹ́ méjì. Òkè wọn ńkọ́? Níbi tí wọ́n forí gún?"

"Ó dúdú. Ó ń dán."

"Ọ̀dà ni. Fi nǹkan gún un. Fi bírò."

Ó dákẹ́. A gbọ́ ohùn kan, kò dún kò! bíi ti irin. "Bàbá, ó rọ̀." Ìgbà tó yá, "Ó ń ya. Bíi bisikíìtì. Bírò ti wọlé."

"Yọ bírò rẹ. Jáde, ìyá mi. O ṣeun."

Bàbá Òyìnbó náà kúnlẹ̀, lọ́jọ́ orí rẹ̀ yẹn, ó wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní ọdún kẹrin rèé tó ti wà lọ́wọ́ òun, bó ṣe wà rèé nígbà tí òun rà á, pé inú ẹ́ńjìnnì lòun máa ń wò. Mo gbà á gbọ́. Afẹ́fẹ́ òkun ló yí i ká, iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, irin tí wọ́n kun ọ̀dà lé lórí láì kọ́kọ́ ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò á máa jẹrà lábẹ́lẹ̀ ni. Kí n tó sọ nǹkan kan, ó ní òun á gbà £4,000.

Ẹ̀yin èèyàn, ọkàn mi fò. £4,000! Tíkẹ́ẹ̀tì ẹni méjì ṣì kù síbẹ̀.

"Kí ló ń sọ?" bàbá mi bèèrè. Mo sọ fún un.

"Ẹ má rà á."

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀..."

"Ẹ́ńjìnnì dáa. Ẹ́ńjìnnì, a lè rí òmíràn rà. Jíà, a lè rà á. Ibi tí sípíríǹgì forí gún, wọn kì í tà á lọ́jà, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni. O máa kó ọmọ mẹ́ta sínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà lo máa tẹ bíréèkì tí ẹ̀yìn á jókòó sílẹ̀." Ó yí ohùn padà. "Sọ fún bàbá yẹn pé kó má wà á jìnnà. Kó rí wẹ́dà tó mọṣẹ́. Sọ ọ́ fún un dáadáa o, àgbà ni."

Mo sọ ọ́ fún un. Ó dúpẹ́. Ó fún ọmọ mi ní bírò tuntun.

A ti wakọ̀ bí ogún ìṣẹ́jú kí n tó lè sọ̀rọ̀. Bàbá mi ṣì wà lórí fóònù, ọmọ mi gbé e dání ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mi ò tíì sọ láti ọdún 1998. Mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ rà á nítorí èyí tẹ́ ẹ tà nítorí tèmi ni."

Ó pẹ́ kó tó fèsì. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Ta ló sọ fún ọ pé nítorí tìẹ ni?"

"Bàbá, owó ilé ìwé..."

"Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yẹn ti jó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Mo tún un ṣe tán lọ́jọ́ Ẹtì, mo tà á lọ́jọ́ Ajé, sí ọwọ́ ọkùnrin kan láti Ìwó tí kò mú mágínẹ́ẹ̀tì dání, tí kò ṣí ìdérí ọ́ìlì. Mi ò lè dé Ìwó fún ọdún méjì."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni bàbá mi sọ, àbí ó kàn fẹ́ kí n máa wakọ̀ lọ láìsí omi lójú. Mo ti bi ìyá mi, ó ní kí n lọ bi ẹni tó ni ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún, mo fi owó oṣù mi kún un. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá la máa gbéra.

Láti ìgbà náà, bí bàbá mi bá pè lọ́jọ́ Àìkú, kì í bèèrè èmi mọ́. "Ìyá mi dà?" ló ń sọ. Ọmọ mi ti rí Píjò wágọ́nù mìíràn, ní Pọtogí lọ́tẹ̀ yìí, sìtíà rẹ̀ wà lósì. Mo sọ fún un pé a ò lówó. Ó ní òun mọ̀, pé òun kàn fẹ́ kí Bàbá rí i ni. Ó ti kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á pé kó fi fọ́tò abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, kó sì rí i pé ara rẹ̀ gbẹ.